Láfún Tí Ìyá Gbádébọ̀ Fi Lẹ Ilẹ̀kùn

"Ẹni tó fi láfún lẹ ilẹ̀kùn, eku ló ń ro ọkà fún." Bí ẹ bá gbé àdúgbò wa ní Ìdí-Ọsàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmọ́ bí mo bá bi yín pé ibo ló ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó máa wo ara yín lójú. Àwọn kan ń sọ pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ni. Irọ́ funfun báláú ni. Ewúrẹ́ tí wọ́n bí lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ṣì ń jẹ èèpo iṣu kiri lẹ́yìnkùlé. Mo mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi jọ ń lo eyín kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwọn tó ń fi iyọ̀ àti ata sí i lè gbẹ́nu dákẹ́.

Àbẹ̀jẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Gbádébọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Opó ni. Láwọyin ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni nígbà ayé rẹ̀, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wọn láti ògiri dé ògiri. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá ló ní, ó sì fi fọ́máíkà aláwọ̀ wàrà bo gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì tuntun, àwọn obìnrin àdúgbò a máa yọjú wá wo bí gèlè wọn ṣe rí lójú fọ́máíkà tó ń dán náà. Ohun kan ṣoṣo tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn ilẹ̀kùn òkè ti lọ sísàlẹ̀ jù. Ẹni tó bá ga á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó tó rí wọn dì mú. Àwọn àlejò rò pé káfíńtà ló ṣi ìwọ̀n.

Ooru ìkòkò kì í mọ ohun tó lẹ́wà. Ooru ẹ̀wà, ooru ẹran, ooru omi ìwẹ̀ ọmọ títí ọmọ fi di bàbá ọmọ. Fọ́máíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ká létí bí etí ajá. Pákó abẹ́ rẹ̀ mu omi, ó wú bí ikùn aboyún. Ilẹ̀kùn kan já kúrò lára híńjì òkè, ó wá ń ṣe gẹ̀gẹ̀ bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kí ẹ tó lè ṣí i, ẹ ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì wá fi orúnkún tì í.

Ìyá Gbádébọ̀ kò fọ́jú. Ó ń rí i. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Òrùlé ló kọ́kọ́ jò, ó tún un ṣe. Etí kànga ló tún wó, ó tún un ṣe. Géètì já, ó fi wáyà so ó. Ilé àtijọ́ dà bí ọmọ tí kò ní dàgbà láéláé: bí o bá nu imú rẹ̀ tán, á ní ìdí ń yún òun. Nígbà tó wá kan kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ìdáná láì wo apá ọ̀tún. Ó tó ọdún méjì tó fi ń wo apá òsì nìkan.

Ìgbà Ọdún Àjíǹde ni Gbádébọ̀ ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Iyọ̀ ló ń wá. Ó fa ilẹ̀kùn ọ̀mùtí yẹn, ilẹ̀kùn bá a wá, ó sì balẹ̀ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n pariwo bí ẹni tí àkekèé ta.

Nígbà tó ríran padà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí ìsinsìnyí, mò ń padà bọ̀. Bí ilé ìdáná yìí bá ṣì rí báyìí, ẹrù yín ni mo máa dì sínú ọkọ̀. Ẹ ó máa bá wa gbé, a ó sì fi ayálégbé síbí."

"Àkànjí, nítorí ìka ẹsẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ fi oríkì rẹ̀ bi í.

"Lónìí, ìka ẹsẹ̀ tèmi ni. Lọ́la, orí tiyín ni. Mi ò lè fi yín sínú ilé tó ń já lulẹ̀ kí n sì máa sùn ní Ìbàdàn."

Ìfẹ́ ló ń sọ, ìfẹ́ sì ṣòro bá jà. Ìyá Gbádébọ̀ ti gbé Ìbàdàn rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Títílọpẹ́, kò jẹ́ kó fọ abọ́ kan. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí èèyàn lè bú, kò sí ibi tí èèyàn lè tutọ́ sí. Ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n títí ìdí rẹ̀ fi kú. Ní Ìdí-Ọsàn, ẹsẹ̀ a máa dùn ún, ẹ̀yìn a máa dùn ún, ṣùgbọ́n nínú ilé ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń dùn ún.

Ló bá ránṣẹ́ pe Múdàṣírù. Ọ̀dọ̀ Láwọyin ni Múdà ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, òun náà sì ti di ọ̀gá tó ń hu ewú. Ó fi ìka kan pákó, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí. Ó dárúkọ iye tí ilẹ̀kùn tuntun mẹ́wàá máa jẹ.

"Tún un sọ," ni Ìyá Gbádébọ̀ wí.

Ó tún un sọ.

"Má tún un sọ mọ́."

Múdà rẹ́rìn-ín. "Ìyá ọ̀gá, bí ẹ bá lè fún mi ní oṣù kan, màá fi oòrùn sá pákó wọ̀nyí, màá fá wọn, màá fi góòmù gidi tún wọn lẹ̀. Owó góòmù nìkan ni ẹ ó san. Ìjókòó ilé ẹ̀kọ́ kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Tàbí kẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ gbogbo ilẹ̀kùn dànù, kí ẹ ta aṣọ síwájú rẹ̀. Atẹ́gùn á máa wọlé, kò sì ní wú mọ́."

"Kí n yọ ilẹ̀kùn? Kí gbogbo ayé wá máa wo ìdí ìkòkò mi? Múdà, ìdí ìkòkò mi dúdú ju ọkàn ọ̀dàlẹ̀ lọ. Máa lọ, ọmọ mi. Olúwa á ṣe é."

Olúwa kò tètè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Sátidé náà, ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń wo aṣọ tó sá. Ìró àdìrẹ rẹ̀ kan wà lórí okùn, ó ti gbó, ṣùgbọ́n aró rẹ̀ ṣì dúró. Ìyá tó bí i ló ṣe é. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá náà, ó ń se láfún di ẹ̀kọ, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà lé aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró. Ẹ̀kọ yẹn a máa lẹ̀! Bó bá gbẹ mọ́ aṣọ, àfi kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha á. Bó bá kán sí ilẹ̀, ìgbálẹ̀ kò lè ká a.

Ó dìde fùú, orúnkún méjèèjì sì dún bí igi gbígbẹ. "Àbẹ̀jẹ́," ó sọ fún ara rẹ̀, "o jókòó lórí ọgbọ́n, o ń ṣagbe."

Láfún wà nílé. Ó se é, ó ro ó, ó ki bí ó ṣe yẹ. Ó dá àwọn fọ́máíkà tó ká padà sáyè wọn, ó bu láfún sábẹ́ wọn, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gé ìró àdìrẹ, èyí tó wà lórí okùn àti méjì mìíràn látinú àpótí, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ilẹ̀kùn ọ̀mùtí, ó fi ìṣó mẹ́ta bá a wí. Odindi ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó ṣe ti òkè lórí àpótí ìjókòó, ó ṣe ti ìsàlẹ̀ lórí ìdí. Nígbà kan, ó sinmi orí lé ilẹ̀kùn láti mí díẹ̀, ó sì sùn lọ. Nígbà tó jí, gèlè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní láti bọ́ orí kúrò nínú rẹ̀ bí ìjàpá tó fi karawun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó lẹ́wà! Ẹyẹ aláró, ewé aláró, láti ògiri dé ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, Ìyá Gbádébọ̀ wo apá ọ̀tún.

Ìyá Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ó di ìbàdí mú lẹ́nu ọ̀nà. "Háà! Àbẹ̀jẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ múra jù ọ́ lọ o! Kí lo fi lẹ̀ ẹ́?"

"Láfún."

"Láfún wo? Láfún tí à ń jẹ?"

"Ṣé èyí tí wọ́n ń wọ̀ wà ni?"

Ìyá Sàfúrátù sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún ilẹ̀kùn wò. "Kò burú," ó ní. "Bí ebi bá pa mí, màá wá lá ilẹ̀kùn."

Lọ́jọ́bọ̀ ni ìró kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀. Ìyá Gbádébọ̀ ń mu ògì lọ́wọ́, ó dẹtí. "Láfún ló ń gbẹ," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìró náà pọ̀ sí i. Ó ní ẹ ò rí nǹkan, ó ń gbẹ dé inú. Aáyán méjì bá a pàdé lójú ọ̀nà ilé ìdáná, wọn kò sá, wọ́n rìn kọjá jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti yó. Ó rò pé àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bi aáyán bí ara wọn ṣe le sí.

Gbádébọ̀ dé láàárọ̀ Sátidé, agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù. Ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ tó dára, ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn tuntun. Ìyá Sàfúrátù náà ti wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní òun wá kí ọmọ òun, ṣùgbọ́n ìran ló wá wò.

Ẹnu ya ọmọ náà. "Màmá! Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì. Ṣé ó ṣì ń já lulẹ̀?"

"Ó dára o. Ó dára gan-an." Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ó fà á.

Aṣọ àdìrẹ náà nìkan ló bá a wá. Fọ́máíkà tẹ̀lé e, ó já gbì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eku kan jáde, tó sanra bí ẹni tó jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó. Ó wo Gbádébọ̀. Òmíràn jáde tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta gba orí bàtà ọkùnrin náà kọjá, ó gba abẹ́ àpótí Ìyá Sàfúrátù. Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún fò sókè bí ọmọ ọdún méje. Aṣọ ilẹ̀kùn kejì wá ń jábọ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta náà tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn gbogbo àdìrẹ wọ̀nyẹn, wọ́n ti lá a mọ́ tónítóní, bí abọ́ ọmọ tí kò yó.

Ibẹ̀ ni Ìyá Sàfúrátù ti sọ ọ́. Ó di ìdí rẹ̀ mú, ó ń mí helehele, ó ní, "Àbẹ̀jẹ́! Mo mọ̀! Ẹni tó fi láfún lẹ ilẹ̀kùn, eku ló ń ro ọkà fún! O kò tilẹ̀ bu ọbẹ̀ sí i fún wọn!"

Ìgbà náà gan-an ni ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú bọ́ sí Ìyá Gbádébọ̀ létí. Ohùn yẹn kì í sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ àdìrẹ: "Ẹ má lá a o! Ẹni tó bá lá a, inú rẹ̀ á bú!" Láfún lásán kì í pa ọmọ. Álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, ni ìyá náà máa ń pò mọ́ ọn, àti òkúta aláwọ̀ aró kan báyìí tó korò bí ikú. Ohun tó ń lé eku àti kòkòrò nìyẹn. Ìyá kọ́ ọ ní odindi iṣẹ́. Ìdajì ló rántí, ìdajì tó ṣeé jẹ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí eyín fi fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í padà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán, àárẹ̀ nìkan ló kù. "Àkànjí," ó ní, "ó rẹ̀ mí. Di ẹrù náà."

Gbádébọ̀ gbé ọpọ́n wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìkòkò jáde, ó ń tò wọ́n sínú ọpọ́n. Ó ṣe ti ìsàlẹ̀ tán, ó kan ti òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ láti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Fọ́máíkà ibẹ̀ náà ti mu omi láfún, ó sì ṣí kúrò lójú pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí awọ ejò. Ó dúró.

"Màmá, kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Mi ò rí i láti ibi tí mo wà. Kà á."

Ìlà kan ni, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù káfíńtà fà sórí pákó, ní ọ̀gangan ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Lábẹ́ ìlà náà ni ẹnì kan ti kọ lẹ́tà ńláńlá wọ́gọwọ̀gọ, lẹ́tà ẹni tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Gbádébọ̀ kà á jáde díẹ̀díẹ̀: "Ọwọ́ Àbẹ̀jẹ́ dé ibí."

Ìyá Sàfúrátù pàápàá gbàgbé eku, ó sún mọ́ ọn wá wò ó.

Ìyá Gbádébọ̀ rántí. Oyún Gbádébọ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ní kó nàró ti ògiri, kó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí. Ó ti gbàgbé.

"Bàbá rẹ mọ̀ pé mo kúrú," ó ní. "Kò sọ ọ́ létí mi rí. Pákó ló sọ ọ́ fún."

Gbádébọ̀ gbé ọwọ́ lé ìlà náà. "Kọ́bọ́ọ̀dù ti Ìbàdàn," ó ní, "ọwọ́ yín kò tó o."

"Àga ni mo máa ń gùn. Bí ẹni tó ń ká ọsàn."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O kò bi mí. Àwo kan tí Títílọpẹ́ ní òun ń wá, èmi ni mo fọ́ ọ nígbà tí mo ń bọ̀ sílẹ̀. Má sọ fún un."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ lójú sàn-ún. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkòkò padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Múdà, ó gbé tọnafísì wá, òun àti Gbádébọ̀ sì tú ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìyá Gbádébọ̀ fọ láfún kúrò lára àdìrẹ tí eku kò tíì ya, ó rán etí wọn, wọ́n sì fi okùn ta wọ́n síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, gẹ́lẹ́ bí Múdà ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń wọlé. Ìdí ìkòkò rẹ̀ sì dúdú bó ti ń dúdú, kò sí ẹni tó kú. Ilẹ̀kùn kẹwàá, èyí tí Láwọyin kọ̀wé sí, ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyè rẹ̀, láì bò ó, láì kùn ún lọ́dà. Gbádébọ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló wa ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Ní ti ọ̀rọ̀ Ìyá Sàfúrátù, kò di ọjọ́ Ajé kó tó yí Ìdí-Ọsàn ká. Ìyá Gbádébọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu aránṣọ, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, ó tún gbọ́ ọ lójú ìjọ, tí gbogbo èèyàn sì yíjú wò ó. Òun náà ti ń sọ ọ́ báyìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan ń sá fún ìnáwó, tó wá fi ohun tó rọrùn jù bo ojú ohun tó bàjẹ́, tí ohun tó fi bò ó sì fẹ́ pe ìyọnu tó ju ti àkọ́kọ́ lọ wọlé, ìgbà náà ni àwọn àgbà wa máa ń mi orí, tí wọ́n á ní: ẹni tó fi láfún lẹ ilẹ̀kùn, eku ló ń ro ọkà fún. Kí ẹni náà má bínú. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún un, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ro ọkà ọ̀hún rí, kó sì ro ó kúná dáadáa.